Ìlẹ̀kẹ̀ Tí Rurin Rì Mọ́lẹ̀

Ọdún mọ́kàndínlógún ni Rurin fi se oúnjẹ fún àwọn ọmọ ilé ìwé ní abúlé wa, Long Selidung, ìrẹsì kò sì jóná mọ́ ọn lọ́wọ́ lọ́jọ́ kan rí. Nígbà tó pé ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́ta ló fẹ̀yìn tì. Lóṣù kan náà, ìyàwó ọmọ rẹ̀ bí àkọ́bí, ọmọbìnrin. Inú Rurin dùn débi pé ó se ẹ̀fọ́ láì fi iyọ̀ sí i. Ọjọ́ kejì ló tó rántí ìlẹ̀kẹ̀.

Ní abúlé wa, bí a bá bí àkọ́bí, a máa ń se àsè. Lọ́jọ́ náà, àwọn òbí ọmọ á gba orúkọ tuntun, ìyá àgbà àti bàbá àgbà náà á gba tiwọn. (Orúkọ tuntun tí Rurin gbà gùn díẹ̀; èyí tí a mọ̀ ọ́n sí tẹ́lẹ̀ ni mo fi ń sọ ìtàn yìí.) Lẹ́yìn náà ni ìyá bàbá ọmọ á so ìlẹ̀kẹ̀ àtijọ́ mọ́ ọmọ lọ́rùn lójú gbogbo ènìyàn. Rurin kò sì ní ìlẹ̀kẹ̀ àtijọ́ kankan. Èyí tí ìyá rẹ̀ ní ti bá odò Trusan lọ lọ́dún tí ọkọ̀ wọn dojú dé. Ó lè yá ti Kafung, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, tó ní okùn méje nínú àpótí, ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá yá nǹkan lọ́wọ́ Kafung, yóò máa gbọ́ nípa rẹ̀ títí wọn yóò fi sin ín.

Kafung yìí náà ló mọ ìlẹ̀kẹ̀ amọ̀ ṣe jù lọ ní agbègbè wa. Ó ní ààrò kékeré lẹ́yìn ilé. Rurin lọ bá a.

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo fẹ́ kọ́ ìlẹ̀kẹ̀ ṣíṣe."

Kafung wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. "Ìyàwó wa, ṣé o mọ̀ pé amọ̀ kì í ṣe ìrẹsì? Bí o bá sè é tán, kò sẹ́ni tó máa jẹ ẹ́ tí á tún máa dúpẹ́."

"Ẹ ṣáà fún mi ní amọ̀, ẹ̀gbọ́n mi."

Ó fún un ní amọ̀. Ó ní kó pò ó títí apá á fi máa ro ó, nítorí afẹ́fẹ́ kò gbọ́dọ̀ kù sínú rẹ̀. Rurin pò ó títí ó fi sú u, èyí tí kò tó nǹkan. Orí tábìlì ìdáná rẹ̀ ló ti yí i ní róbótó-róbótó, ó sá a síbi òjìji, ó sì gbé e lọ sínú ààrò Kafung. Kò pẹ́ tí iná mú tí nǹkan fi bẹ̀rẹ̀ sí í dún nínú ibẹ̀: pó! pó-pó-pó!

Tagal, ọkọ Rurin, sáré jáde láti ilé ìwẹ̀ tòun ti ọṣẹ lójú. "Ṣé ọdún àwọn ará Ṣáínà ti dé ni, tí ẹ ti ń yin bánńgà?"

"Ìlẹ̀kẹ̀ ìyàwó rẹ ló ń yọ̀," ni Kafung dá a lóhùn.

Ẹlẹ́ẹ̀kejì kò bú. Ṣùgbọ́n ẹyọ ìgbálẹ̀ tín-ín-rín ni Rurin fi lu ihò wọn, kò sì mọ̀ pé amọ̀ máa ń sún kì nínú iná. Nígbà tí wọ́n tutù, gbogbo ihò ti dí pátápátá. Kafung kó wọn sí àtẹ́lẹwọ́, ó gbọ̀n wọ́n.

"O kú iṣẹ́, ìyàwó wa. Ọta kànnàkànnà lo ṣe yìí. Àwọn tó ń lé ẹyẹ nínú ìrẹsì á máa gbàdúrà fún ẹ."

Ẹlẹ́ẹ̀kẹta, irin agboòrùn tó ti bàjẹ́ ló fi lu ihò. Mọ́kànlélọ́gbọ̀n jáde láìfọ́. Ọ̀kan dà bí ẹ̀pà, òmíràn dà bí eyín ọmọdé, èyí tó tóbi jù sì fì sápá òsì bí ẹni tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Rurin ti fi dúdú àti pupa rẹ́súrẹ́sú kùn wọ́n, ó sì fi ojú aláwọ̀ búlúù sára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó to gbogbo wọn sórí aṣọ funfun, ó jókòó, ó ń wò wọ́n. Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí àsè pé.

Kafung náà wá wò wọ́n. "Wọ́n ń dán," ló sọ. "Wọ́n ń dán bíi mindin-mín-ìndìn inú ìgò. Àmọ́, ìyàwó wa, ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni ọmọ yẹn fi ju ìlẹ̀kẹ̀ rẹ lọ. Ọmọ náà ni ẹ̀gbọ́n wọn! Lọ́jọ́ àsè, ta ló máa kúnlẹ̀ kí ẹnì kejì rẹ̀?"

Ọ̀rọ̀ yìí wọ Rurin lára. Òótọ́ ni pé ọjọ́ orí ni iyì ìlẹ̀kẹ̀ lọ́dọ̀ wa, èyí tí a bá sì hú nínú ilẹ̀ oko ìrẹsì ló níyì jù. Rurin rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn. Bí ilẹ̀ bá lè sọ ìlẹ̀kẹ̀ di arúgbó ní igba ọdún, ṣebí ó yẹ kó lè sọ ọ́ di géńdé ní ọjọ́ mẹ́wàá. Ó fi iyanrìn odò bó dídán wọn, ó rẹ wọ́n sínú gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tíì, ó yí wọn nínú eérú. Lọ́sàn-án gangan, nígbà tí gbogbo ènìyàn ń sinmi, ó lọ rì wọ́n sínú ẹrẹ̀ lẹ́bàá ògiri amọ̀ tó pààlà láàárín oko rẹ̀ àti ti Agong, aládùúgbò rẹ̀, níbi tí ẹfọ̀n Agong ti máa ń yíràá. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni, kódà kò sọ fún Tagal.

Òjò ńlá rọ̀. Ní Ọjọ́bọ̀, nígbà tó ku ọjọ́ méjì péré, ògiri ààlà ya, Agong sì gbé ṣọ́bìrì lọ tún un ṣe. Opó ni Agong, ẹni ọgọ́ta ọdún. Nǹkan ìyanu kankan kò ṣẹlẹ̀ sí i rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i. Igbe tó ké lọ́jọ́ náà, àwọn tó wà ní òdìkejì odò gbọ́ ọ.

Nígbà tí Rurin fi máa débẹ̀, ìdajì abúlé ti kún àgbàlá Agong. Agong ti fọ ìlẹ̀kẹ̀ tó hú níbi ààlà, ó ti sín in sókùn ìpẹja, ó sì ti fi kọ́rùn.

"Ẹ wá wò ó!" ló ń pariwo. "Ti bàbá ńlá mi ni! Ọkùnrin náà rì í mọ́lẹ̀ de èmi Agong!"

Rurin fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ẹ jọ̀ọ́, Agong, ibi tí ẹ ti gbẹ́ ẹ yẹn, ṣé kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ tèmi?"

"Ẹ̀gbẹ́ tèmi ni ẹsẹ̀ mi wà nígbà tí mo ń gbẹ́."

"Ṣọ́bìrì ńkọ́?"

"Rurin, má ṣe ìlara mi. Òní ni oore tèmi dé."

Kí ni Rurin fẹ́ sọ? Bó bá lanu, gbogbo abúlé á mọ̀ pé ó fẹ́ fi tuntun pe àtijọ́ lórí ọmọ ọmọ rẹ̀. Bó bá dákẹ́, ọrùn ọmọ á wà lófìfo lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, àfi tó bá lọ tọrọ lọ́wọ́ Kafung. Ó dákẹ́.

Agong fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n pe Kafung wá, kó wá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ bí ìlẹ̀kẹ̀ náà ṣe dàgbà tó. Kafung dé, ó wọ dígí ojú rẹ̀. Ó fi ọ̀kan kan eyín rẹ̀, ó tẹ́tí sí i. Ó gbé èyí tó tóbi jù sókè sí oòrùn.

"Agong," ló wí, "èmi ò fẹ́ bú ará ọ̀run. Àmọ́ ẹni tó ṣe ìlẹ̀kẹ̀ yìí, ẹsẹ̀ ló fi ṣe é."

"Hàà!"

"Ẹ wo ihò yìí. Ó wọlé láti iwájú, ó gba imú jáde. Àwọn baba wa ní ojú, wọ́n ní ọgbọ́n. Bóyá ẹfọ̀n rẹ ló ṣe é."

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Rurin gbìyànjú láti pa á mọ́ra, Ọlọ́run mọ̀ pé ó gbìyànjú.

"Tàbí ẹni náà ń sùn," ni Kafung ń bá a lọ, "tàbí ó ń jẹun lọ́wọ́..."

"Ọwọ́ mi ni mo fi ṣe é!" ni Rurin pariwo. "Ọwọ́ mi méjèèjì! Mi ò sùn, mi ò jẹun!"

Agong fi ọwọ́ bo ọrùn rẹ̀.

"Irọ́ ni! Bàbá ńlá mi..."

Rurin bu amọ̀ lẹ́nu ṣọ́bìrì Agong, ó pò ó, ó yí i láàárín àtẹ́lẹwọ́, ó fa ẹyọ kan yọ lára ìgbálẹ̀ tó wà lẹ́nu ọ̀nà, ó gún un. Ó na ọwọ́ síwájú. Gbogbo ènìyàn bẹ̀rẹ̀ wò ó. Ìlẹ̀kẹ̀ kékeré náà fì sápá òsì.

"Áà," ni Kafung wí. "Kò sí òkú kankan tó lè ṣe irú èyí."

Ẹ̀rín bú sáfẹ́fẹ́. Agong bọ́ ìlẹ̀kẹ̀ náà díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń bọ́ ẹ̀wù ọdún. "Kí ló dé tí o wá lọ rì í?" ló bi í, ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì.

"Ẹ̀gbọ́n mi ló sọ pé ọmọ dàgbà ju ìlẹ̀kẹ̀ lọ."

Gbogbo ojú yí sí Kafung. Ó yọ dígí rẹ̀, ó nù ún, kò sì sí ìdọ̀tí lára rẹ̀. "Mo sọ ọ́," ló wí níkẹyìn. "Àmọ́ mi ò ní kí wọ́n má dàgbà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n jọ dàgbà. Tọ́mọ náà bá di ìyá àgbà, ta ló máa pè é ní ìlẹ̀kẹ̀ tuntun? Gbé e wá, ìyàwó wa. Okùn ìpẹja kọ́ ni wọ́n fi ń sín ìlẹ̀kẹ̀ ọmọ."

Rurin fún Agong ní ẹyọ kan nítorí ìpayà ọjọ́ náà. Kafung tún ọgbọ̀n tó kù sín, ó to wọ́n létòlétò, ó sì fi èyí tó tóbi jù, tó fì, sẹ́yìn pátápátá, níbi tí irun ọmọ á ti bò ó lọ́jọ́ iwájú.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, lójú gbogbo ènìyàn, Rurin so ó mọ́ ọmọ ọmọ rẹ̀ lọ́rùn. Lẹ́yìn náà, ó rọra yí okùn náà po títí èyí tó tóbi jù fi wá síwájú, lábẹ́ àgbọ̀n ọmọ gan-an. Kafung rí i. Ó yọ dígí rẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í nù ún.