Olùṣọ́ Èbúté àti Ẹ̀gbọ́n Rẹ̀

Ẹ-Pa-Á ni gbogbo àwọn ọlọ́kọ̀ kékeré ń pe olùṣọ́ èbúté adágún omi ìlú wọn, torí kí ọkọ̀ tó kan omi ni yóò ti máa ké láti ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀ pé, "Ẹ pa á! Ẹ pa á!" Omi yẹn ni gbogbo ìlú ń mu, òfin ò sì gba ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù níbẹ̀ rárá. Ẹni tí kò bá fẹ́ fi àjẹ̀ wa ọkọ̀, ti bátìrì ni kó lò.

Bẹ́ẹ̀ mẹkáníìkì ni bàbá yìí tẹ́lẹ̀. Ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù ló fi tọ́ àwọn ọmọ rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, ta ló dé bí kò ṣe ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ẹni tó kọ́ ọ níṣẹ́ mẹkáníìkì gan-an. Ó fi mọ́tò fa ọkọ̀ wá, ó fẹ́ lọ pẹja. Ẹ́ńjìnnì àtijọ́ ló wà nídìí ọkọ̀, ó ti nù ún títí ó fi ń dán yinrin.

"Bọ̀dá mi, ẹ má bínú, eléyìí ò lè wọ omi."

"Ta lò ń bá wí?"

"Ẹ̀yin náà ni, sà."

"Èmi tí mo kọ́ ẹ bí wọ́n ṣe ń di nọ́ọ̀tì!"

Ẹ̀gbọ́n fi ìbínú tú ẹ́ńjìnnì náà kúrò nídìí ọkọ̀, ó jókòó sínú mọ́tò rẹ̀, kò sì lọ. Ọkàn àbúrò ò balẹ̀ mọ́. Bí olùṣọ́ kejì tó máa gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ṣe dé báyìí, àbúrò gbé ẹ́ńjìnnì bátìrì tirẹ̀ jáde, ó dè é mọ́ ìdí ọkọ̀ náà, ó wá kan gíláàsì mọ́tò.

"Ẹ bọ́ sílẹ̀, ẹ jẹ́ ká jọ lọ."

Nígbà tó yá, tí wọ́n ti jọ wà nínú ọkọ̀, ẹ̀gbọ́n tẹ́tí sílẹ̀. "Ìgbà wo lo máa tàn án?"

"A ti kúrò ní èbúté tipẹ́, sà."

Ẹ̀gbọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wò yíká. Àwọn ẹyẹ ojú omi ò tilẹ̀ mira. Ní ṣọ́ọ̀bù wọn láyé ọjọ́un, nínú ariwo ẹ́ńjìnnì, igbe ni wọ́n máa ń ké kí wọ́n tó gbọ́ ara wọn. Nísinsìnyí, ẹ̀gbọ́n ń sọ̀rọ̀ ìyá wọn jẹ́jẹ́, àbúrò sì ń gbọ́ gbogbo ẹ̀.

Àfi bí bátìrì ṣe kú láàárín omi. Àbúrò ti gbàgbé láti ṣáájì rẹ̀. Àjẹ̀ ni wọ́n fi ń tu ọkọ̀ padà sí èbúté, ẹ̀rín ò sì jẹ́ kí wọ́n lè wa ọkọ̀ náà tààrà.

Ẹ̀gbọ́n ti ra ti bátìrì báyìí. Kò gbà pé ẹ́ńjìnnì ni ṣá o. Fáànù ló ń pè é.