Ẹ̀rọ Tó Mọ Ohùn Bàbá Àgbà

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọmọ ọmọ mi gbé ampilifáyà méjì tó ń gbé ohùn sókè wálé láti Ìkẹjà, ó ní òun máa dá ọ̀kan padà. Bó ṣe tan ọ̀kan, tó kùn hùùùn kó tó sọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọkàn mi fò lọ sí Agége àtijọ́, nígbà tí eyín iwájú mi ká, tí òmíràn kò tíì hù.

Bàbá àgbà mi ni ládàánì mọ́sálásí àdúgbò wa. Láti ìgbà tí wọ́n ti dé láti Ògbómọ̀ṣọ́, tí oko obì ṣì yí wa ká, ni wọ́n ti ń pe ìrun. Ṣùgbọ́n nígbà tí iléeṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ lọ́nà Ìkẹjà, fèrè iléeṣẹ́ àti ariwo rélùwéè bo ohùn wọn mọ́lẹ̀. Ọjọ́ orí náà kò ṣàì dá sí i. Àwọn èèyàn ń pẹ́ dé ìrun, àwọn kan sì ń sọ pé kí wọ́n fi ọ̀dọ́ rọ́pò Bàbá. Bàbá gbọ́, oúnjẹ ò sì wọ̀ wọ́n lẹ́nu mọ́. Ó dùn mí, ọmọdé tí mo jẹ́ yẹn. Lèmọ́mù wá ní kí wọ́n kọ́kọ́ ra ẹ̀rọ gbohùngbohùn wò.

Bọ̀ọ̀dá Múfú, akọ̀wé ní iléeṣẹ́ kan, ni wọ́n rán. Ó mú ìwé kan bọ̀ lọ́dọ̀ oníṣòwò kan tó ń ta ẹ̀rọ, níbi tí wọ́n ti to àwọn ẹ̀rọ bí ẹni to ọmọ iléèwé: èyí tó dún jù, tí ohùn rẹ̀ sì mọ́ jù, ló gba ipò kìíní.

"Ẹ̀yin àgbà, wọ́n ti wọ̀n ọ́n!" ló ń wí nípàdé mọ́sálásí.

Ìyá àgbà mi, tí ẹnikẹ́ni ò pè sí ìpàdé, dáhùn láti ẹnu ọ̀nà: "Ṣé wọ́n wọn Àjàní mọ́ ọn?"

Àjàní ni oríkì Bàbá. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Oníṣòwò gbà kí wọ́n yá ẹ̀rọ ipò kìíní àti ti ipò kẹta wò, torí àwọn méjèèjì ló wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

Òdìkejì ojú irin ni ilé wa wà. Nígbà tí Bàbá fi olípò kìíní pe ìrun Alásàrí, èmi àti Ìyá àgbà ń fi ewé di obì sínú apẹ̀rẹ̀. Ó dún! Adìyẹ sá wọ abẹ́ bẹ́ńṣì. Gbogbo ọ̀rọ̀ ló yéni kedere, ìwé ò parọ́. Ṣùgbọ́n ó han gooro, Ìyá àgbà kò sì gbé ọwọ́ kúrò lára obì.

"Ta ni wọ́n wá fi rọ́pò ọkọ mi yìí?" ni wọ́n wí, omi sì lé ròrò sójú wọn.

Lọ́jọ́ kejì, olípò kẹta kùn hùùùn, ó sì bẹ̀rẹ̀. Kò le tó ti àná, àmọ́ bí Bàbá ṣe máa ń mí díẹ̀ láàárín ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀. Obì bọ́ lọ́wọ́ Ìyá àgbà.

"Àjàní ń pè wá," ni wọ́n wí, wọ́n sì na ọwọ́ sí bútà àlùwàlá. Jákèjádò àgbàlá, bútà ń dún.

Èyí ni wọ́n rà. Bọ̀ọ̀dá Múfú jà fún ìwé rẹ̀ díẹ̀, ó wá rẹ́rìn-ín: "Ìwé ò kúkú purọ́. Àwa la ò bi í ní ìbéèrè tiwa." Bàbá jẹ iyán lálẹ́ ọjọ́ yẹn bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣínu, àwọn náà ló sì ń pe ìrun títí ọlọ́jọ́ fi dé.

Oko obì ti di ilé, ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ wọ̀nyẹn ti kógbá wọlé. Lórí fóònù ni ọmọ ọmọ mi ti ka ipò tí wọ́n to àwọn ẹ̀rọ tirẹ̀ sí fún mi. Mo ní ó dáa, kó máa kà á, torí ìwé á bá a yọ èyí tí kò wúlò kúrò. Mo wá gba maikirofóònù lọ́wọ́ rẹ̀, mo ní kó lọ jókòó sẹ́yìnkùlé. Oríkì bàbá àgbà mi ni mo fún un nígbà tí wọ́n bí i. Mo fi ẹ̀rọ àkọ́kọ́ pè é: "Àjàní!" Kò sí ìdáhùn. Mo fi èkejì pè é: "Àjàní!"

"Ẹ̀ẹ̀n, Màmá!" Ó ti sáré dé ẹnu ọ̀nà kó tó rántí pé ẹ̀rọ là ń dán wò.