Páìpù Wíwọ́ Inú Táńkì Bàálù

Òórùn kan wà tí mi ò lè gbàgbé: òórùn íítà, kẹrosíìnì àti kasitọ́ọ̀lì tí wọ́n pò pọ̀ sínú ìgò oògùn kan ṣoṣo. Kẹrosíìnì, ìwọ náà mọ̀ ọ́n. Kasitọ́ọ̀lì ni èyí tí wọ́n ń fi ṣíbí rọ sí wa lẹ́nu ní kékeré kí inú wa lè mọ́. Íítà ní tirẹ̀ ni oògùn tí wọ́n ń jẹ́ kí aláìsàn fà símú kó lè sùn kí wọ́n tó ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Ó máa ń tutù lọ́wọ́, á sì gun èèyàn lórí. Ní pápá ilé ìwé ní Ọ̀jọ́, lábẹ́ àwọn igi àgbọn, ni mo ti kọ́kọ́ gbóòórùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pa pọ̀. Títí dòní, bí mo bá rántí rẹ̀, inú mi á dùn, ojú á sì tì mí díẹ̀.

Iṣẹ́ páànù ni mò ń kọ́ nígbà náà, lọ́dọ̀ ọ̀gá kan ní Okokomaiko. Àtùpà la sábà máa ń ṣe. A ó gé agolo mílíìkì, a ó fi òjé lẹ ìdérí rẹ̀, a ó sì ki páìpù kékeré kan gba orí rẹ̀ kọjá kí òwú lè gbabẹ̀ wọlé. Páìpù yẹn kò gbọdọ̀ tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bó bá tẹ̀ pẹ́nrẹ́n, ọ̀gá mi á fi ìka kàn mí lórí: “Àárín! Àárín ni kó wà!” Mo kúrò níléèwé ní kíláàsì kẹrin, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ àárín yẹn, mo gbà á yó.

Lọ́jọ́ kan ni Tíṣà láti Ọ̀jọ́ gbé bàálù wá. Òyìnbó kan tó ń wọn ilẹ̀ kiri ló fi ta wọ́n lọ́rẹ nígbà tó ń lọ sílé. Bàálù náà kò gùn ju apá mi lọ, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò sì tóbi ju ẹyin adìẹ lọ, àmọ́ ó ń fò ní tòótọ́. Wáyà tín-ín-rín méjì ló so apá rẹ̀ kan mọ́ igi ìdìmú kan. Ẹni tó bá di igi náà mú á dúró láàárín pápá, bàálù á máa fò yí i ká, òun náà á sì máa pòòyì tẹ̀ lé e. Táńkì epo rẹ̀ ló ń jò, Tíṣà sì fẹ́ kó fò lọ́jọ́ eré ìje ilé ìwé.

Nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn kékeré tó wà ní Ìbà ló ń po íítà, kẹrosíìnì àti kasitọ́ọ̀lì pọ̀ ṣe epo fún wọn, nítorí ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni íítà wà. Ọ̀dọ́bìnrin ni, kò fi bẹ́ẹ̀ jù mí lọ. Tíṣà ti ṣèlérí fún un pé lọ́jọ́ eré ìje, bí àwọn bá ti fò ó tán, Nọ́ọ̀sì ni yóò di igi mú. Wọ́n ní láràárọ̀ ló máa ń pòòyì níwájú ilé ìwòsàn, ọwọ́ nínà, tí kò di nǹkan kan mú, tí àwọn aláìsàn á jókòó sórí bẹ́ǹṣì tí wọ́n á máa rẹ́rìn-ín.

Mo tú táńkì náà. Ohun tí mo rí nínú rẹ̀ pa mí lẹ́rìn-ín. Páìpù tó ń fa epo lọ sẹ́ńjìnnì wọ́ pátápátá, ó tẹ̀ lọ sí ògiri ẹ̀gbẹ́ tó jìnnà sí wáyà, ó lọ lẹ̀ mọ́ igun ẹ̀yìn níbẹ̀. Mo ní áà, àwọn òyìnbó náà máa ń ṣiṣẹ́ jákujàku báyìí! Mo gé e, mo tọ́ ọ, mo sì gbé ẹnu rẹ̀ sí àárín ìsàlẹ̀ táńkì, ó dúró gbọnrangandan bíi ti àtùpà. Mo fi òjé dí ibi tó ń jò, mi ò sì sọ ọ̀rọ̀ páìpù fún ẹnikẹ́ni. Mo fẹ́ kó fò ná kí n tó fọ́nnu.

Nígbà tí a lọ dán an wò, èrò ti pé sí pápá. Ẹ́ńjìnnì ké bí agbọ́n tí wọ́n sé mọ́nú agolo. Lórí ilẹ̀, kò ní àléébù kankan. Tíṣà di igi ìdìmú mú láàárín pápá, mo jọ̀wọ́ bàálù, ó gbéra, gbogbo èèyàn pariwo. Ó yí ká lẹ́ẹ̀kan. Bó ṣe ń yí ká lẹ́ẹ̀kejì ló bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, ó dákẹ́, ó sì já lulẹ̀ sórí iyanrìn. Tíṣà gbé e, wọ́n mì ín létí. “Epo ṣì wà nínú ẹ̀. Kí ló wá pa á?”

Gbogbo ojú yí sí mi, èmi tí mo tún táńkì ṣe. Ẹ̀rù bà mí. Mo ní, “Bóyá epo yẹn ni ò pò dáadáa, Tíṣà.”

Ọkùnrin kan tó ń ká àgbọn gbà á mọ́ mi lẹ́nu. “Ẹ tètè gbé e lọ sí ṣáláńgá o! Kasitọ́ọ̀lì ti pọ̀ jù fún un!” Pápá wó fẹ́rìn-ín.

Nọ́ọ̀sì ní, “Ọwọ́ ara mi ni mo fi wọ̀n ọ́n o.” Ta ló ń gbọ́? Tíṣà rọra ní, “Ẹ má bínú, Nọ́ọ̀sì. Ẹ jẹ́ kí n wá ẹlòmíì tó máa pò ó.” Igi ìdìmú bá ọ̀rọ̀ yẹn lọ nìyẹn, Nọ́ọ̀sì sì mọ̀. Ó gbé ìgò rẹ̀, ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ. Èmi náà mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹnu mi ló gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Àmọ́ mo rò pé bóyá òótọ́ ni mo sọ.

Lọ́jọ́ kẹta, ó dé sí ṣọ́ọ̀bù wa pẹ̀lú ìgò tí epo kún dé ìdajì.

“Ìwọ lo ní epo mi ò pò. Ó yá, wò ó dáadáa.”

Ó di ìgò náà mú lóòró, ó na ọwọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pòòyì lójú títì, bó ṣe máa ń ṣe ní Ìbà. Aṣọ rẹ̀ fẹ́ bí agbòòrùn. “Ṣé ó yà? Ṣé kasitọ́ọ̀lì bọ́ sápá kan, tí kẹrosíìnì bọ́ sápá kan?”

Kò yà. Ṣùgbọ́n mo rí nǹkan mìíràn. Gbogbo epo inú ìgò ti sá lọ gun ògiri ìta, ó fara tì í bí èèyàn tó fẹ̀yìn ti ilé. Àárín ìsàlẹ̀ ìgò gbẹ. Níbẹ̀ gan-an ni mo gbé ẹnu páìpù sí. Ìta tí epo sá lọ sì ni òyìnbó gbé e sí tẹ́lẹ̀.

“Àǹtí, ẹ dúró. Èmi ni.”

Òòyì ti kọ́ ọ, ó di tábìlì wa mú. “Ìwọ ni kí ni?”

Mo sọ gbogbo rẹ̀. Ọ̀gá mi fi ìka kàn mí lórí, ó dún kọ̀ọ́. “Ṣé àtùpà ni wọ́n gbé fún ọ ni?” Nọ́ọ̀sì ò rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Níwájú ta lo ti ní epo mi ò dáa?”

“Níwájú gbogbo èèyàn, mà.”

“O mọ ibi tó o ti máa sọ èyí náà nìyẹn.”

Mo dá páìpù padà síbi tí mo ti bá a. Lọ́jọ́ eré ìje, lẹ́yìn eré àpò, mo dúró láàárín pápá, mo ní epo dára, èmi ni mo ba táńkì jẹ́ tí mo gbé páìpù rẹ̀ sí àárín bíi ti òwú àtùpà, mo sì ti ọ̀ràn náà sí Nọ́ọ̀sì lọ́rùn. Alágbọn ló kọ́kọ́ la ẹnu: “Òwú-Àárín!” Ẹ̀rín tún bú, orí mi ló dá lé lọ́tẹ̀ yìí. Tíṣà gbé igi ìdìmú, wọ́n ní, “Nọ́ọ̀sì, ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ fò ó.”

Ó pòòyì, bàálù pòòyì. Ó gbé e gorí èrò, ó tún gbé e wálẹ̀ títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ ha koríko, àwọn ọmọdé ń dọ̀bálẹ̀, wọ́n ń ké. Ẹ́ńjìnnì ò wúkọ́ rárá. Ó ké títí epo fi tán pátápátá, bàálù rọra balẹ̀, Nọ́ọ̀sì náà sì ṣubú yakata sórí iyanrìn, ó ń rẹ́rìn-ín, òòyì ò jẹ́ kó lè dìde. “Ṣé epo mi pò?” ló ń bi mí láti ilẹ̀. “Ó pò, mà! Ó pò!”

Lẹ́yìn náà ni aláìsàn kan sọ fún mi pé láàárín àwọn ọjọ́ tí igi ìdìmú fi bọ́ lọ́wọ́ Nọ́ọ̀sì, kò pòòyì níwájú ilé ìwòsàn mọ́, ńṣe ló kàn ń jókòó. Mi ò lè dá àwọn òwúrọ̀ yẹn padà fún un. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bí mo bá rí iṣẹ́ ọwọ́ ẹnì kan tó wọ́ lójú mi lónìí, mo máa ń kọ́kọ́ bi ara mi pé kí ni ẹni tó ṣe é rí tó fi wọ́ ọ. Òwú-Àárín ni wọ́n ṣì ń pè mí láti Okokomaiko dé Ọ̀jọ́, mo sì máa ń dáhùn.