Ẹyọ Ìgbálẹ̀ Nínú Ihò Páálí

Lónìí, ọmọ á fi ìka kan ìdáhùn lójú fóònù, fóònù á sọ bóyá ó gbà á tàbí kò gbà á. Wọ́n ní ẹ̀kọ́ ìgbàlódé nìyẹn. Èmi ti ṣe irú rẹ̀ ní Muṣin kí wọ́n tó bí àwọn tó ń pariwo rẹ̀. Páálí àti ìgbálẹ̀ ni mo fi ṣe é.

Àbúrò mi obìnrin ni mo ṣe é fún. Ìrora egungun kò jẹ́ kó lè lọ síléèwé mọ́, bẹ́ẹ̀ kò sóhun tó wù ú ju kó bá ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣèdánwò ìwé mẹ́fà lọ. Tẹ́lẹ̀, mo máa ń tẹ ìbéèrè sórí ìwé fún un, ṣùgbọ́n ìwé ò lè dá ọmọ lóhùn. Á máa retí mi di ìrọ̀lẹ́.

Iṣẹ́ mi ní Yábàá ni kí n máa fi ẹ̀rọ lu ihò sára páálí tí kọ̀ǹpútà ayé ìgbà yẹn ń kà. Èyí tí igun rẹ̀ bá ti ká, kọ̀ǹpútà kì í gbà á. Ìyẹn ni mo ń kó relé. Mo lẹ méjì pọ̀: ti iwájú ní ìdáhùn mẹ́ta, kálukú pẹ̀lú ihò tirẹ̀, ti ẹ̀yìn ní ihò kan ṣoṣo, níbi tí ìdáhùn gidi wà. Bó bá gbà á, ẹyọ ìgbálẹ̀ tó kì bọ ihò á yọ lẹ́yìn.

"Àǹtí, ó yọ!" ni àbúrò mi á ké, Màmá wa á sì pàtẹ́wọ́ láti ìdí sítóòfù. Wọn ò kàwé, àmọ́ wọ́n mọ ohun tí "ó yọ" jẹ́.

Mo sọ fún àbúrò mi pé lọ́jọ́ kan, kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ á máa bi ọmọ ní ìbéèrè.

"Ṣé á ní sùúrù? Tí ara bá ń ro mí, n kì í tètè dáhùn."



Láàárọ̀ ọjọ́ kan mo fi páálí tuntun sílẹ̀ fún un. Kí n tó ti ibi iṣẹ́ dé, wọ́n ti gbé e lọ sí ọsibítù. Kò padà wálé.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Màmá mú páálí kan jáde lábẹ́ ìrọ̀rí. Ìgbálẹ̀ ṣì wà nínú ihò. Ẹ̀rù ò jẹ́ kí wọ́n yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò.

"Èyí ló ń ṣe lọ́wọ́. Ṣé ó gbà á?"

Ihò kejì ló fi í sí. Ìkẹta ni ìdáhùn gidi. Inú bí mi sí páálí náà, sí ìbéèrè náà, sí ara mi. Mo fi àtàǹpàkò ti ìgbálẹ̀ yẹn títí ó fi dá páálí ẹ̀yìn lu, mo wá yí i sí Màmá.

"Ó yọ, Màmá."

Wọ́n fọwọ́ kan ṣóńṣó rẹ̀. Wọn ò pàtẹ́wọ́.

"Mo mọ̀ pé ó máa gbà á," ni wọ́n wí, wọ́n sì bú sẹ́kún.