Ìpè Ọ̀sán Gangan

"Ọmọ, ṣé o gbọ́?"

Ọ̀bẹ tí bàbá fi ń bẹ ẹ̀gẹ́ dúró lójú kan. Oòrùn ń mú, páànù ilé ń ké kó, kó, omi láfún tí ìyàwó rẹ̀ rẹ ń rùn káàkiri ẹ̀yìnkùlé. Gbogbo àdúgbò wa ní Igbó-Ọrà ti lọ sóko. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà, ọmọ ilé kejì sí ti bàbá, èmi ni mo ń ṣa èèpo.

Ọ̀gá ṣọ́jà ni bàbá yìí kó tó fẹ̀yìn tì. Àmì-ẹ̀yẹ tí ìjọba fún un wà lára ògiri pálọ̀, kì í sì í wò ó. Lójú ogun abẹ́lé, tó ti tó bí ogún ọdún sẹ́yìn nígbà náà, ó la odò kọjá lábẹ́ ìbọn lẹ́ẹ̀mẹta, ó pọ̀n ọmọ ogun mẹ́ta tó fara gbọgbẹ́ wá lọ́kọ̀ọ̀kan. Kó tó padà lọ gbé ẹkẹrin, àwọn ọ̀tá ti dé etí odò lọ́hùn-ún. Ẹkẹrin ń pè é: "Ọ̀gá mi o! Ọ̀gá mi!" Bó bá dáhùn, wọ́n á mọ ibi tó kó àwọn yòókù pamọ́ sí. Ó pa ẹnu mọ́. Àwọn mẹ́ta yè, ẹkẹrin kú.

Ohùn yẹn tẹ̀ lé e délé. Ọ̀sán gangan ló máa ń pè é. Ta ni ò sì mọ̀ pé èèyàn kì í jẹ́ ìpè ọ̀sán tí kò bá rí ẹni tó ń pè é? Ẹni tó bá jẹ́ ẹ, ó ti bá a lọ nìyẹn. Kí màmá, ìyàwó rẹ̀, tó lọ ọjà Lánlátẹ̀, á bẹ̀ ẹ́: "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá a lóhùn o. Ẹ má fi mí sílẹ̀."

Bàbá á rẹ́rìn-ín. "Ta ló mọ ẹnu ún pa mọ́ bí èmi?"

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, màmá wà lọ́jà. Bàbá tún bi mí: "Wọ́n ń pè mí. Àbí o ò gbọ́ ni?"

Mi ò gbọ́ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ta ló bí mi pé kí n já àgbàlagbà níyàn? Pàṣán ni wọ́n fi kọ́ mi nílé wa pé ohun tí àgbà bá ní òun gbọ́, ọmọdé náà gbọ́ ọ. Mo kúnlẹ̀. "Mo gbọ́, sà."

Háà, ojú tí bàbá fi wò mí! Ojú ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú sílẹ̀ ni. Ó rọra gbé ọ̀bẹ sílẹ̀, ó dìde, ó kígbe sí ojú ọ̀nà oko: "Mo ń bọ̀! Dúró dè mí!"

Ìgbà yẹn gan-an ni mo wá gbọ́ nǹkan: ẹsẹ̀ èèyàn nínú omi, tó ń la odò bọ̀. Kò sí odò ládùúgbò wa.

Bàbá jókòó padà sórí àpótí, ó fẹ̀yìn ti ògiri. Mo rò pé ó sùn ni. Nígbà tí mo fọwọ́ kàn án, mo fi igbe bọnu.

Ẹkún ni wọ́n fi pàdé màmá nígbà tó tọjà dé. Ọ̀dọ̀ mi ló wá tààrà, ó di èjìká mi méjèèjì mú. "Ọmọ mi, ìwọ nìkan lo wà níbẹ̀. Ṣé bàbá dáhùn?"

"Rárá, mà. Wọn ò dáhùn."

Gbogbo ẹni tó wá kí i kú ọ̀fọ̀ ló ń sọ fún: "Bàbá ò dáhùn o. Wọn ò mọ̀ọ́mọ̀ fi mí sílẹ̀. Ọjọ́ ló pé." Ọ̀rọ̀ yẹn ló gbé e ró títí òun náà fi lọ.

Èmi náà ti bímọ báyìí. Irọ́ méjì ni mo pa lọ́jọ́ yẹn. Bí mo bá rántí ti àkọ́kọ́, mo máa ń bẹ bàbá pé kó dárí jì mí. Ṣùgbọ́n kí màmá jí dìde lónìí kó tún bi mí, ojú rẹ̀ ni màá wò, màá sì tún pa ìkejì.