Ọ̀rọ̀ Kan Tí Mo Yọ Nínú Ewì

Ìlà mẹ́rin péré ni ewì náà:

Mo délé, mi ò bá ọ.
Mo dóko, mi ò bá ọ.
Mo dọ́jà, mi ò bá ọ.
Ta ni kí n wá bá sọ̀rọ̀?

Láàárín àwọn ọdún 1980, ní ilé-ẹ̀kọ́ tí mo ti ń kọ́ṣẹ́ tíṣà ní Ìjẹ̀bú-Òde, òun ni wọ́n fún wa nínú ìdánwò àṣetúnṣe. Wọ́n ní ká ṣàlàyé bí ìparí ìlà rẹ̀ ṣe dún, ìwọ̀n rẹ̀ àti àwítúnwí inú rẹ̀. Mo ti fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀kan. Bí mo bá tún fìdí rẹmi, wọ́n á lé mi lọ sílé. Bàbá mi sì kú ní oṣù mẹ́ta ṣáájú, màmá mi sì ti sọ fún gbogbo ìjọ ní Ìmùsìn pé ọmọ òun fẹ́ẹ̀ di tíṣà.

Ìwé orin ìjọ ló kọ́ mi ní ìwọ̀n ewì: nọ́ńbà bíi 8.7.8.7 tó wà lórí orin kọ̀ọ̀kan ló ń sọ iye sílébù ìlà rẹ̀. Gbogbo ìparí ìlà ewì yìí ló dún bákan náà, ìyẹn tẹ́ mi lọ́rùn. Mo wá ń fi ìka ka sílébù lábẹ́ tábìlì. Méje, méje, méje, mẹ́jọ. Háà! Ta ni yóò fi dùùrù gbé irú orin bẹ́ẹ̀? Mo kọ ọ́ gàdàgbà pé akéwì ṣàṣìṣe, mo yọ "wá" kúrò, ó di méje. Ní ti àwítúnwí, mo ní kò sí ohun tuntun lẹ́nu rẹ̀. Òmùgọ̀ ni mí, òmùgọ̀ tó gbójú.

Orúkọ mi ò sí lára àwọn tó yege. Mo di ẹrù mi sínú àpótí, mo wọkọ̀ lọ sí Ìmùsìn. Màmá mi ń ṣa ẹ̀wà níwájú ilé. N ò mọ bí mo ṣe fẹ́ sọ ọ́, mo kàn na ìwé ìbéèrè náà sí wọn.

Wọ́n kà á sókè. Ohùn wọn ń lọ sílẹ̀ láti ìlà dé ìlà, bí ẹni tó ń wá èèyàn kiri tí ó ti ń rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé "Ta ni kí n wá," wọ́n dúró. Wọn ò lè parí rẹ̀.

"Ẹni tó kọ èyí," ni wọ́n wí, "èèyàn rẹ̀ ti kú mọ́ ọn lọ́wọ́ rí."

"Màmá, wọ́n ti lé mi."

"Mo ti mọ̀. Mo rí àpótí ẹ."

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, mo bú sẹ́kún. Ìdánwò ni mo rò pé mò ń sunkún rẹ̀, àfi ìgbà tí mo gbọ́ tí ẹnu mi ń pe bàbá mi.