Ọrọ́ Kékeré Tí Wọ́n Gbé Bọ̀ Láti Kánò

Ó ku díẹ̀ kí a gba òmìnira nígbà tí ọkọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kú ní Kánò. Ẹ̀gbọ́n mi padà sí agboolé wa ní Bẹyẹrúnkà, wọ́n gbé ọrọ́ kan dání nínú abọ́ tánńganran. Kì í ṣe irú ọrọ́ tí a fi ń ṣe ọgbà o. Èyí rí róbótó bí orí ọmọ tuntun, ẹ̀gún bò ó. Wọ́n gbé e sí ojúde, níbi tí oòrùn ti ń pa á.

Kò pẹ́, ọrọ́ pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ìdí rẹ̀ ń rọ̀ bí ìbẹ́pẹ tó ti pọ́n jù.

Ẹ̀gbọ́n mi pè mí. "Ìwọ lo lọ ilé ìwé. Bá mi wò ó. Àwọn ará ilé ọkọ mi ti pín gbogbo ẹrù ẹ̀. Èyí nìkan ni wọn ò fẹ́."

Sítáńdáàdì Tú ni èmi àti ìwé ti kọ ara wa sílẹ̀. Télọ̀ ni mí. Àmọ́ mo fajú ro bí ọ̀mọ̀wé, mo fi tépù wọn ọrọ́ náà yíká bí ẹni fẹ́ rán bùbá fún un. Mo ní òùngbẹ ló ń gbẹ ẹ́. Mo bomi sí i. Ó tún rọ̀ sí i.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, mo jókòó ti máṣíìnì mi, mo rí baálé wa tí wọ́n ṣe àlùwàlá tán. Wọ́n mi bútà wò, omi ṣì kù. Wọ́n ní "Bísímílà," wọ́n rọra da ìyókù sórí ọrọ́. Bàbá kejì ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ̀kẹta náà ṣe bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó fẹ́ da omi àlùwàlá nù lásán nígbà tí nǹkan opó wà nítòsí. Mo tẹ abọ́ yẹn, omi ya jáde, ó ń rùn bí omi ògì àná. Abọ́ ọ̀hún ò nihò nídìí.

Ta ni yóò wá sọ fún baálé pé àánú wọn ló ń pa ọrọ́ náà? Mo dọ̀bálẹ̀.

"Bàbá, ẹ ṣeun fún omi. Ó ti yó ni."

"Ó ti yó? Ṣé ẹ jọ jẹun ni?"

"Ará aṣálẹ̀ ni, Bàbá. Bíi ràkúnmí ló ṣe rí. Tó bá mu omi lẹ́ẹ̀kan, ó di ìgbà tó bá pẹ́."

"Kí lo mọ̀ nípa ràkúnmí? Ìwọ tí o rán ṣòkòtò mi tí ẹsẹ̀ kan gùn ju èkejì!"

Gbogbo ojúde rẹ́rìn-ín, èmi náà rín in. Ṣùgbọ́n wọ́n gbé bútà wọn lọ sídìí ògiri kejì.

Mo fi àkísà di ọrọ́ mú, mo fi abẹ gé gbogbo ibi tó ti jẹrà, títí mo fi kan ara tó mọ́. Mo gbé e sábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí ojú ọgbẹ́ gbẹ.

"Ṣé o fẹ́ sá a bí èlùbọ́ ni?" Ẹ̀gbọ́n mi ló bi mí bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí ojú ọgbẹ́ le, mo lu ihò sí ìdí ìkòkò amọ̀ kan, mo fọ́n àpáàdì àti yanrìn sínú ẹ̀, mo gbìn ín. Mo ní kí ẹnikẹ́ni má bomi sí i. Bí ẹ bá bi mí pé ṣé yóò yè, n kò mọ̀. Mo kàn ń fajú ro ni.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ẹ̀gbọ́n mi lóṣòó ti ìkòkò náà, wọ́n fi ọwọ́ lásán fa ọrọ́ náà wò. Kò wá. Wọ́n tún fà á.

"Ó ti mú!" Wọ́n pariwo orúkọ mi. "Jáde wá, ó ti mú ilẹ̀!"

Ẹ̀jẹ̀ ń jáde ní ìka wọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín.